Clematis rọ lójijì, róòsì yọ àmì dúdú, wisteria ò tanná: ṣé òtútù ló fà á?

Ewélẹ́wà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òdòdó onítàkùn. Nǹkan mẹ́ta ló gbé mi dé ibí.

Àkọ́kọ́ ni clematis olódòdó ńlá, ọdún kejì rẹ̀ nínú ilẹ̀ rèé. Ó ti rúdí, ó ku díẹ̀ kó tanná, ni ìtàkùn kan nínú mẹ́ta tó ní bá rọ láàárín ọjọ́ kan. Méjì tó kù ṣì dúró dáadáa. Mo bomi rin ín, èyí tó rọ kò gbéra. Ọrùn àwọn ewé rẹ̀ ti dúdú.

Èkejì ni róòsì tó ń gun ògiri. Àmì dúdú róbótó-róbótó wà lára ewé rẹ̀, ewé náà á di pupa rúsúrúsú, á sì já bọ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òdòdó rẹ̀ pẹ̀lú, ṣóńṣó orí nìkan ló ń yọ ọ́ sí.

Ẹ̀kẹta ni wisteria. Ọdún kẹfà rèé, ewé rẹpẹtẹ, kò sí òdòdó kan ṣoṣo. Koríko tó yí ìdí rẹ̀ ká máa ń gba fatiláísà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀. Ògiri náà kọjú sí ìlà-oòrùn. Òtútù máa ń dé 15 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ṣé òtútù ló ń bá wọn jà? Ìgbà wo ni kí n gé èwo, báwo sì ni kí n ṣe bò wọ́n?

Gbòǹgbò-Ló-Jù dáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti clematis, torí òun ni kò lè dúró di ọ̀la.

Òtútù kọ́. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń mú clematis rọ. Bó bá jẹ́ òùngbẹ, gbogbo ara rẹ̀ ló máa rọ pọ̀, á sì tún nà ró ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó bá mumi. Bó bá jẹ́ ìgbín tí kò ní ìkarahun ló jẹ ẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ibi tí ìtàkùn ti yọ nínú ilẹ̀: ẹ máa rí i pé wọ́n ti họ èèpo rẹ̀ yípo, igi abẹ́ rẹ̀ á funfun, ipa itọ́ wọn tó ń dán á sì wà lórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àrùn tí fúngọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Calophoma clematidina ń fà. Ìtàkùn kan tàbí méjì nìkan ló máa ń mú, á fi ìyókù sílẹ̀. Orí ìtàkùn náà á dorí kodò, ọrùn ewé á dúdú, dúdú náà á sì gba inú iṣan ewé lọ. Bí ẹ bá gé ìtàkùn náà, ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Èyí tí ara rẹ̀ dá, inú rẹ̀ á mọ́, á ní omi, á sì ní àwọ̀ ewé tútù. Èyí tí àrùn ti wọ̀, inú rẹ̀ á ti dúdú tàbí kó pọ́n bíi ìpẹtà.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé bá àrùn yìí mu. Ẹ gé ìtàkùn tó rọ náà lónìí. Ẹ máa gé e bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tí inú rẹ̀ mọ́ pátápátá, kódà bó bá gba pé kí ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi spírítì nu ẹnu àlùmọ́gàjí yín, torí ẹnu irin lè gbé àrùn náà láti ìtàkùn kan dé èkejì. Ẹ ṣa gbogbo ewé tó já bọ́. Ẹ sun ún, tàbí ẹ dì í sínú àpò ìdọ̀tí. Kò gbọdọ̀ dé inú ajílẹ̀ ewé, níbi tó ti lè sùn di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má hú u o. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń hú dànù nígbà tí gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè. Àwọn ojú (ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ) tó wà lábẹ́ ilẹ̀ á tún hù, nígbà mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà mìíràn ó di ìgbà ìrúwé. Ẹ máa bomi rin ín lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbin clematis olódòdó ńlá jìn. Bí wọ́n bá gbìn ín bó ṣe wà nínú ìkòkò, kò ní ojú kankan lábẹ́ ilẹ̀ tó lè fi padà hù. Orí iyẹ̀pẹ̀ tó bá a ti inú ìkòkò wá gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Kí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, kó jìn tó bẹ́ẹ̀, kó sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán jìnnà sí ògiri, torí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ dé ẹsẹ̀ ògiri. Nínú ilẹ̀ amọ̀, ẹni tó bá gbẹ́ ihò tó dán lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wá kó ajílẹ̀ kún un, agbada ló gbẹ́ yẹn: omi á dúró sínú rẹ̀, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ọgbà tú ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ihò náà, kí ẹ po ajílẹ̀ ewé ìdá kan mọ́ ìdá mẹ́ta iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ wà jáde, kí ẹ tó dá a padà.

Bí àrùn náà bá ń padà wá lọ́dọọdún, ẹ pààrọ̀ irú èyí tí ẹ gbìn. Viticella, alpina àti montana kì í sábà gbà á. Àwọn olódòdó ńlá ló ń mú jù.

Ọlọ́gbà-Róòsì dáhùn:

Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ti sọ ọ́ re. Ẹ jẹ́ kí n gba ti róòsì.

Àmì dúdú yẹn ni àrùn tí Diplocarpon rosae ń fà. Ẹ wo etí àmì náà dáadáa: kò rí kiri dán-ín-dán bíi pé wọ́n fi kọ́ḿpáàsì fà á, etí rẹ̀ máa ń ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pupa rúsúrúsú á sì yí i ká. Òtútù kọ́ ló ń fà á, omi lójú ewé ni. Omi gbọ́dọ̀ wà lójú ewé fún nǹkan bíi wákàtí méje gbáko kí àrùn náà tó lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń fi ọ̀pá omi wọ́n róòsì lórí ní ìrọ̀lẹ́ ń fún un ní gbogbo òru láti fi wọlé. Ìdí igi ni kí ẹ máa da omi sí, ní àárọ̀.

Ibi tó tutù ní wàhálà kan sí i: ìrì pọ̀, ewé kì í tètè gbẹ, pàápàá bí ẹ̀ka bá lẹ̀ mọ́ ògiri. Torí náà afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráàyè gba ẹ̀yìn igi kọjá. Ẹ na wáyà tí kì í dípẹtà síbùú ògiri, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ jù ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí ilẹ̀, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 wà láàárín wáyà kan àti èkejì. Ẹ fi ìṣó olójú gbé wáyà náà kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Iwájú wáyà ni kí ẹ máa so ẹ̀ka mọ́, kí ẹ má ṣe gbé e gba ẹ̀yìn rẹ̀, torí bó bá sanra tán, ẹ ò ní lè yọ ọ́ mọ́. Okùn rírọ̀ ni kí ẹ fi so ó, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan láàárín wáyà àti ẹ̀ka kí wọ́n má bàa máa ha ara wọn.

Ewé tó ti ní àmì kò lè sàn mọ́. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n ń ṣọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, kò lè wo èyí tó ti ṣàìsàn. Ẹ ká èyí tó ní àmì, ẹ ṣa èyí tó wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, nígbà ìwọ́wé, torí orí ewé tó já bọ́ ni àrùn náà ti ń la ìgbà òtútù kọjá. Ó tún máa ń sùn sára ẹ̀ka, níbi tí ẹ bá ti rí àbàwọ́n tó dúdú bí aró lára èèpo ẹ̀ka ọdún tó kọjá. Ẹ gé e kúrò nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ ọwọ́ igi náà. Lẹ́yìn náà ẹ kó èèpo igi tàbí ajílẹ̀ tó ti jinná bo ilẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí òjò má bàa ta àrùn láti ilẹ̀ sókè.

Ní ti òdòdó tó wà lórí nìkan, bí ẹ ṣe so ẹ̀ka ló fà á. Ẹ̀ka tó bá dúró ṣánṣán, ojú tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ ló máa ń ṣe olórí, á sì dá àwọn tó wà nísàlẹ̀ dúró. Ẹ tẹ ẹ̀ka náà sí ẹ̀gbẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ tàbí kó dà gẹ́rẹ́, ojú tó wà lára rẹ̀ láti ìdí dé orí á sì hù, ọmọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á gbé òdòdó. Ẹ̀ka tó ṣì rọ̀, tí kò tíì pé ọdún kan, ló ṣeé tẹ̀. Èyí tó ti gbó á kán mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìgbà tí ẹ máa gé e: níbi tí òtútù ti ń dé 15 sísàlẹ̀ òdo, ẹ má gé e nígbà ìwọ́wé. Òtútù á pa ṣóńṣó gbogbo ibi tí ẹ bá gé, ẹ ó sì tún gé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ dúró di ìparí ìgbà òtútù, nígbà tí àwọn ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ fi ẹ̀ka ìyá mẹ́rin sí mẹ́fà sílẹ̀, ẹ gé ọmọ ẹ̀ka tó tanná lọ́dún tó kọjá kù sí ojú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sì gé ẹ̀ka ìyá kan tó gbó jù láti ìdí kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Èyí tó ń tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún ni mo ń sọ. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tó ń tanná rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí á sì parí síbẹ̀, ẹ̀yìn tó bá tanná tán ni kí ẹ gé e. Orí ẹ̀ka ọdún tó kọjá ló ń yọ òdòdó sí. Bí ẹ bá gé e ní ìparí ìgbà òtútù, òdòdó ọdún náà ni ẹ gé dànù.

Kí ìrì dídì àkọ́kọ́ tó dé, ẹ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ jọ bo ìdí rẹ̀.

Ìrì-Àárọ̀ dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti wisteria kún un.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti wá. Èyí tí wọ́n fi kóró gbìn lè lo ogún ọdún kó tó tanná. Èyí tí wọ́n lọ́ sára gbòǹgbò mìíràn (wọ́n gé ẹ̀ka igi kan, wọ́n so ó mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn kí méjèèjì lè di ọ̀kan) sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹ wo ìdí igi nítòsí ilẹ̀: bí wọ́n bá lọ́ ọ, ibì kan á wú tàbí kó tẹ̀ kọrọdọ, èèpo òkè rẹ̀ àti ti ìsàlẹ̀ kò sì ní jọra. Bí kò bá sí irú àpá bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti kóró. Á jẹ́ pé ẹ máa ní sùúrù tàbí kí ẹ fi èyí tí wọ́n lọ́ rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ fatiláísà koríko yẹn ló jọ pé ó ń dá tiyín dúró. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú fatiláísà koríko. Ìdílé ẹ̀wà ni wisteria wà, bakitéríà tó ń gbé ní gbòǹgbò rẹ̀ sì ń bá a fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá tún ń fún un sí i, ewé àti ẹ̀ka gígùn ló máa fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ní ewu kejì níbi tó tutù: ẹ̀ka tó hù pẹ́, tó rọ̀ bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tí ìrì dídì dé, kò ní là á já. Ẹ má fọ́n fatiláísà koríko dé ìwọ̀n mítà méjì sí ìdí rẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti yanrìn, gíráàmù 20 potassium sulphate lórí mítà kan níbùú lóròó ní ìparí ìgbà òtútù máa ń ràn án lọ́wọ́. Ilẹ̀ amọ̀ bíi tiyín sábà máa ń ní pọtáṣíọ̀mù tó, ẹ ò nílò rẹ̀.

Gígé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, èyí kò sì ṣeé fò. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn àsìkò tó yẹ kó tanná, ẹ gé gbogbo ẹ̀ka gígùn tuntun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kù sí ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ní ìparí ìgbà òtútù, kó tó rúwé, ẹ gé àwọn kan náà kù sí ojú méjì tàbí mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń kúrú bẹ́ẹ̀ ni ojú tó wà ní ìdí wọn ń di ti òdòdó. Ẹ máa dá wọn mọ̀: ojú ewé tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣóńṣó, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ojú òdòdó sanra, orí rẹ̀ yí róbótó díẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú tó sanra nígbà òtútù, tó wá dúdú, tó gbẹ, tó sì já bọ́ nígbà ìrúwé, ìrì dídì ló pa á. Nígbà yẹn ni òtútù jẹ̀bi. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ohun ọ̀gbìn, tí ẹ bá ta bò ó ní alẹ́ tí ìrì dídì fẹ́ bọ́, tí ẹ sì ká a kúrò ní àárọ̀, tó láti gba wọ́n là.

Ọ̀dá ní ìparí ìgbà ooru náà ń ṣèdíwọ́, torí ìgbà yẹn ló ń ṣètò ojú òdòdó ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbẹ.

Bí ọmọdé bá wà nítòsí, ẹ ká èso rẹ̀ tó jọ pódi ẹ̀wà dànù kó tó gbó. Májèlé ni kóró inú rẹ̀.

Ewélẹ́wà:

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mo ti gé clematis náà. Inú rẹ̀ mọ́ nígbà tó ku sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí ilẹ̀.

Ìwé kékeré tó bá a wá ti sọnù, mi ò mọ irú tó jẹ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí màá máa gé e? Mo tún gbọ́ pé kí wọ́n kó òkúta bo ìdí clematis kí gbòǹgbò rẹ̀ lè tutù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Gbòǹgbò-Ló-Jù:

Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ sọ fún yín. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí, ìgbà tí wọ́n ń tanná àti orí ẹ̀ka wo la fi ń dá wọn mọ̀.

Èyí tó tanná ní ìgbà ìrúwé, bíi alpina, macropetala àti montana, orí ẹ̀ka ọdún tó kọjá ló ń yọ òdòdó sí. Ẹ má fọwọ́ kàn án ní ìgbà òtútù. Bó bá tanná tán, ẹ gé ibi tó pọ̀jù kúrò, ó parí.

Èyí tó ní òdòdó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, tó sì lè tún yọ díẹ̀ lẹ́yìn náà, bíi Nelly Moser àti The President, ọmọ ẹ̀ka kúkúrú tó hù lára ẹ̀ka àtijọ́ ló ń gbé òdòdó àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó jọ pé ibí yìí ni tiyín wà. Ní ìparí ìgbà òtútù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ojú méjì tó dojú kọra tí wọ́n ti wú dáadáa, kí ẹ gé e sókè wọn díẹ̀. Ìwọ̀nba ni o.

Èyí tó tanná ní àárín ìgbà ooru lọ sí ìgbà ìwọ́wé, bíi viticella, Jackmanii àti tangutica, orí ìtàkùn tuntun nìkan ló ń lò. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìparí ìgbà òtútù, sókè ojú méjì tó lágbára. Ẹni tí òtútù ibi tó ń gbé le gan-an, irú èyí ló rọrùn jù fún un. Bí òtútù tilẹ̀ pa gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀, á tún hù, á sì tanná lọ́dún kan náà.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi sílẹ̀ fún ọdún kan láìgé e, kí ẹ kàn máa wò ó. Ẹ má sì fi ojú lásán sọ pé ìtàkùn ti kú. Ìtàkùn clematis máa ń gbẹ bí igi ìdáná ní ìgbà òtútù, ó sì ń kán wẹ́rẹ́, síbẹ̀ ojú rẹ̀ wà láàyè. Ẹ dúró títí àwọn ojú á fi wú.

Ní ti òkúta, mo gbà pé gbòǹgbò rẹ̀ fẹ́ ibi tó tutù tó sì ní omi, orí rẹ̀ ló fẹ́ oòrùn. Àmọ́ abẹ́ òkúta ni ìgbín tí kò ní ìkarahun ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án. Ewéko kúkúrú tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, tí ẹ bá gbìn síwájú rẹ̀, sàn jù, tàbí èèpo igi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, tí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ìtàkùn. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìtàkùn, á mú un jẹrà.

Ẹ rántí pé ọrùn ewé ni clematis fi ń di nǹkan mú. Kò lè yí ọ̀pá tó nípọn ju ìka ọwọ́ lọ ká. Bí ẹ bá rí i tó ń ṣubú láti ara ọ̀pá ńlá, ẹ na wáyà tín-ín-rín tàbí nẹ́ẹ̀tì sí i lára.

Aṣọ́gbà-Òru:

Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ ló dára, ibì kan ṣoṣo ni mi ò ti fara mọ́ Ọlọ́gbà-Róòsì: ẹ má bo nǹkankan kí ìrì dídì àkọ́kọ́ tó dé. Ewéko nílò òtútù díẹ̀díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le, kó dákẹ́ híhù, kó sì múra sílẹ̀. Bí ẹ bá tètè bò ó, ìdí rẹ̀ á móoru, á tún máa hù, àwọn eku á sì rí ilé sí. Ẹ jẹ́ kí ìrì dídì gbá a lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ojú ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí ẹ tó bò ó. Ìwúlò ìbòrí kì í ṣe kó mú un móoru. Kí ilẹ̀ má bàa máa dì, kó yọ́, kó tún dì, ni. Ìyẹn ló ń ti gbòǹgbò jáde nínú ilẹ̀, pàápàá nínú amọ̀ tó ní omi. Bí ẹ bá rí ewéko tuntun tó ti gbéra sókè lẹ́yìn ìgbà òtútù, ẹ fi ẹsẹ̀ rọra tẹ̀ ẹ́ padà ní ọjọ́ tí ilẹ̀ bá rọ̀.

Ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ìgbà ooru. Ẹ dá fatiláísà dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú ìgbà tí ìrì dídì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti róòsì, ẹ má gé òdòdó tó rọ mọ́ nígbà yẹn; ẹ jẹ́ kó so èso, igi náà á mọ̀ pé àkókò ìsinmi ti tó. Kí ilẹ̀ tó dì, ẹ fún wọn lómi tó jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí afẹ́fẹ́ ìgbà òtútù ń gbẹ ẹ̀ka, gbòǹgbò kò sì lè fa omi tó ti di yìnyín.

Bí àsìkò bá tó, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ tàbí ajílẹ̀ tó ti jinná jọ sí ìdí róòsì, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kó bo ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ. Ibi tí wọ́n lọ́ yẹn ni òtútù kò gbọdọ̀ dé. Bó bá kú, gbòǹgbò abẹ́ rẹ̀ ló máa hù, òdòdó mìíràn pátápátá ni ẹ sì máa rí. Ibi tí ẹ ti máa gbé iyẹ̀pẹ̀ wá, ibòmíràn ni o, ẹ má wọ́ ọ láti ìdí róòsì náà, kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa wà níta. Ewé gbígbẹ ni kí ẹ kó lé e, kí ẹ fi àpò ìdọ̀họ yí ẹ̀ka ká. Ẹ má lo ọ̀rá. Oòrùn á mú inú rẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, omi á gbára jọ, òtútù òru á sì pa á. Nígbà ìrúwé, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú.

Ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn ní ìṣòro tirẹ̀. Oòrùn àárọ̀ á bá ìrudi tó ṣì dì, yìnyín inú rẹ̀ á yọ́ lójijì, ìrudi náà á sì dúdú. Bó bá rọra yọ́, ó lè yè é. Ẹ má gbin èyí tó ń tanná ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé síbẹ̀. Viticella kò ní wàhálà níbẹ̀ rárá, ó máa ń tanná nígbà tí ìrì dídì ti lọ.

Ọlọ́gbà-Róòsì:

Òótọ́ lẹ sọ, mo gbà á. Ohun tó mú kí n sọ pé kó ṣáájú ni pé ilẹ̀ lè dì gbagidi kí ẹnì kan tó rí iyẹ̀pẹ̀ wà. Ẹ di iyẹ̀pẹ̀ náà sínú àpò ní ìgbà ìwọ́wé, kí ẹ gbé e sí ibi tí òtútù kò ti ní mú un dì. Bíi kòróbá méjì tó lítà 10 máa ń tó igi kan.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun nígbà ìrúwé, ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka náà díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù bí ewé, ó wà láàyè. Bó bá gbẹ, tó sì pọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tún họ ọ́.

Ewélẹ́wà:

Ẹ kú làálàá. Ìbéèrè kan ló kù: kí ni mo máa ṣe fún ìtàkùn clematis méjì tó kù báyìí, àti ibi tí mo gé?

Gbòǹgbò-Ló-Jù:

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tanná. Ẹ máa wo ọrùn ewé wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá rí dúdú, ẹ gé ìtàkùn náà lọ́jọ́ kan náà. Lítà 10 sí 15 lọ́sẹ̀ kan tí òjò kò bá rọ̀, kí ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè wọlẹ̀ jìn, ẹ má pín in sí díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́. Ẹ má fún un ní fatiláísà kankan títí ìtàkùn tuntun tó bá yọ nílẹ̀ á fi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Bó bá dé bẹ́ẹ̀ kí ìgbà ooru tó parí, irú fatiláísà olómi tí wọ́n ń fún tòmátò, tí pọtáṣíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ni kí ẹ lò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Ìtàkùn tuntun náà ni àwọn ìgbín máa kọ́kọ́ wá. Ẹ gé orí àti ìdí ike omi kúrò, kí ẹ fi èyí tó kù yí ibi tí ẹ gé ká, kó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Kí ẹ tó fi sí i, ẹ rí i dájú pé kò sí ìgbín kankan tó ti wà nínú rẹ̀.